Áláàmù sẹ́ńsọ̀ lórí ẹ̀rọ lésà tó ń gé irin: bí ẹ ó ṣe wá ìdí rẹ̀ láì ba lẹ́ńsì jẹ́

Áláàmù dún, ẹ̀rọ dúró, páànù ṣì wà lórí tábìlì, oníbàárà sì ti pè lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe ni pé a ó tẹ reset, a ó máa gé e lọ. Ó tún dún, a tún tẹ̀ ẹ́. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹnìkan á ní, "Ọ̀gá, sẹ́ńsọ̀ yẹn ló ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká yọ wáyà rẹ̀." Ibẹ̀ ni gbèsè ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èmi náà ti san irú gbèsè yẹn rí. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń gé stainless, ìkìlọ̀ ooru gíláàsì ààbò, èyí tó ń dáàbò bo lẹ́ńsì, yọjú lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sì tẹ reset lẹ́ẹ̀mẹrin nítorí pé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jáde láàárọ̀. Nígbà tí mo fa gíláàsì náà jáde, àárín rẹ̀ ti jó dúdú, èéfín rẹ̀ sì ti gòkè lọ lẹ̀ mọ́ lẹ́ńsì tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Gíláàsì tí ǹ bá ti pààrọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló di lẹ́ńsì tí mo fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan dúró dè. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tẹ̀lé ètò tí mo fẹ́ là kalẹ̀ yìí.

Nínú ọ̀pọ̀ ìkìlọ̀ tí mo ti rí, sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ kọ́ ló bàjẹ́. Ajá tó ń gbó lẹ́nu ọ̀nà ni sẹ́ńsọ̀. Ẹni tó bá pa á lẹ́nu mọ́ kò tíì lé olè. Gíláàsì tó dọ̀tí, ceramic tó sán, afẹ́fẹ́ tó gbé epo wá, omi tó tutù jù, wáyà earth tí kò wọlẹ̀ dáadáa: àwọn wọ̀nyí ni ẹ ó wá kí ẹ tó dá sẹ́ńsọ̀ lẹ́bi.

Ẹ̀rọ fiber laser ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, irú èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ Raytools tàbí Precitec, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo CypCut (ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí gígé) àti àpótí BCS100 tó ń darí gíga nozzle, ìyẹn ẹnu tí lésà àti gáàsì ń gbà jáde, sí páànù. Bí ìwé tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ yín kọ bá sọ ohun tó yàtọ̀ sí tèmi, ìwé yẹn ni kí ẹ tẹ̀lé.

Ohun tí ẹ ó kó jọ kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan

- Awò ojú tó wà fún fiber laser. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí i lára: ó gbọ́dọ̀ bo 1064 sí 1080 nm, kí OD rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe ń dí ìmọ́lẹ̀ náà tó) jẹ́ 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Awò tí ẹ ń lò fún ẹ̀rọ CO2 kò lè gbà yín. Ìmọ́lẹ̀ CO2 jẹ́ 10,600 nm, plástíìkì lásán ń dá a dúró. Ìmọ́lẹ̀ fiber máa ń kọjá nínú plástíìkì yẹn lọ tààrà sínú ẹyinjú.
- Gíláàsì ààbò tuntun méjì, ó kéré tán, tí ìwọ̀n wọn bá orí ẹ̀rọ yín mu. Ti Raytools BM111, fún àpẹẹrẹ, fẹ̀ ní 27.9 mm, ó sì nípọn ní 4.1 mm. Ẹ má ṣe fi ojú díwọ̀n rẹ̀.
- Òrùka ceramic kan àti nozzle tuntun méjì.
- Isopropyl alcohol 99%, swab tí kì í ya òwú, àti ìbọ̀wọ́ tí kò ní pọ́dà. Spírítì aláwọ̀ àti sanitizer ọwọ́ kọ́ ni mo ń sọ. Òwú kẹ́míìsì náà kò dára, ó máa ń fi irun wẹ́wẹ́ sílẹ̀ lórí gíláàsì.
- Mítà tí àwọn oníná fi ń yẹ wáyà wò, tọ́ọ̀ṣì tí iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, masking tape, sẹ́lótéèpù, bébà funfun, omi ọṣẹ.
- Ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ ooru àti ọ̀rinrin inú yàrá.
- Ìwé àti bírò. Ẹ má fojú kéré èyí.

1. Ẹ dá lésà dúró, kí ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀

Ẹ má tíì tẹ reset. Ẹ ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà, nítorí bí ìkìlọ̀ bá ti parẹ́ báyìí, ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ oríṣiríṣi. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tàbí nọ́ńbà tí áláàmù náà gbé jáde gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, aago tó dún, irú páànù àti bó ṣe nípọn tó, àti ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe lákòókò yẹn: ṣé ó ń lu ihò ni, ṣé ó ń gé, ṣé ó ń sáré láti ibì kan lọ sí ibòmíì, àbí ó kàn dúró jẹ́ẹ́?

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé orí ẹ̀rọ sókè, ẹ pa lésà, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ẹ ti gáàsì. Ẹ jẹ́ kí chiller, ẹ̀rọ tó ń fi omi tutù tu lésà lára, ṣì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí orí ẹ̀rọ lè tutù, àfi tí ẹ bá rí i pé omi ń jò tàbí pé ìrì ti sẹ̀ sára nǹkan.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe: wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi ojú wo inú nozzle láti ìsàlẹ̀ nígbà tí lésà ṣì wà ní títàn. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gé irin yẹn kò ṣeé fojú rí. Iná pupa tí ẹ ń rí kàn ń júwe ibi tí yóò gbà ni. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí yóò rí i kó tó sá ti pẹ́ jù.

Àyẹ̀wò: kọ́kọ́rọ́ lésà wà nínú àpò ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan orí ẹ̀rọ, kò sí lára ẹ̀rọ, kò sì sí lọ́wọ́ ẹlòmíì.

2. Ẹ bi àkókò léèrè

Ìgbà tí ìkìlọ̀ yọjú sábà máa ń sọ ju ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ. Èyí ni mo kọ́kọ́ ń bi àwọn ọmọ iṣẹ́ mi: "Ìgbà wo ló dún?"

Tó bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe tan ẹ̀rọ ló dún, kí ẹ tó gé nǹkan kan rárá, ẹ fura sí wáyà, ẹnu ìsopọ̀, earth, tàbí ìrì òru. Tó bá jẹ́ ìgbà tí gáàsì ṣí, ẹ fura sí rọ́bà tó yí gíláàsì ká, sí nozzle tó ń mì, tàbí sí omi inú afẹ́fẹ́. Tó bá jẹ́ ìgbà tó ń lu ihò, irin yíyọ́ tó ń ta padà lẹ́yìn ni, tàbí gíláàsì. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí iṣẹ́ ti ń lọ dáadáa, ooru ni: gíláàsì dọ̀tí, omi kò ṣàn tó, tàbí nozzle ti gbóná. Tó bá jẹ́ pé igun kan péré lórí tábìlì ló ti máa ń dún, wáyà kan ti ń já díẹ̀díẹ̀ nínú ṣéènì tó ń gbé wáyà rìn. Tó bá sì jẹ́ pé ìgbà tí wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bá ń jó irin, tàbí ìgbà tí ẹ bá kúrò lórí iná NEPA bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀, ọ̀rọ̀ iná àti earth ni.

Àyẹ̀wò: ẹ lè fi gbólóhùn kan sọ ọ́, bíi "ó ń dún lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, níbikíbi lórí tábìlì." Bí ẹ kò bá tíì lè sọ ọ́ báyìí, ẹ jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan sí i níṣojú yín, pẹ̀lú agbára lésà tó kéré. Àmọ́ tó bá jẹ́ ti ooru gíláàsì, ẹ má dán an wò. Ẹ fò lọ sí ìpele 5.

3. Nozzle àti òrùka ceramic

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí sẹ́ńsọ̀ gíga ṣe ń ríran, nítorí ẹni tí kò bá mọ èyí á máa pààrọ̀ nǹkan tí kò bàjẹ́. Nozzle jẹ́ irin, páànù jẹ́ irin, afẹ́fẹ́ wà láàárín wọn. Irin méjì tí kò kan ara wọn yìí máa ń mú iná díẹ̀ dání. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní capacitance. Bí nozzle bá sún mọ́ páànù, capacitance á pọ̀ sí i; bó bá jìnnà, á dín kù. Òrùka ceramic ló ya nozzle sọ́tọ̀ kúrò lára orí ẹ̀rọ kí iná kékeré yẹn má baà jò lọ. Bí ohunkóhun bá wá so nozzle mọ́ ara orí ẹ̀rọ, ìbáà ṣe èérún irin, omi tàbí ẹrẹ̀ èéfín, sẹ́ńsọ̀ á fọ́jú. Lórí BCS100, ẹ ó rí i kó kọ pé capacitance ti di 0 tàbí pé ó ti yí padà lọ́nà tí kò yẹ.

Ẹ yọ nozzle pẹ̀lú ọwọ́. Ẹ wo ẹnu rẹ̀: ihò náà gbọ́dọ̀ ṣe róbótó, kò gbọdọ̀ ní irin tó lẹ̀ mọ́ ọn. Nozzle tí ẹnu rẹ̀ ti wọ́, ẹ má fi fáìlì tún un ṣe, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tú òrùka ceramic, ẹ nù ún gbẹ, ẹ gbé e sí iwájú tọ́ọ̀ṣì, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Sísán ceramic kì í hàn lójú kan. Ó lè rí bí irun orí kan ṣoṣo. Lẹ́yìn tí orí ẹ̀rọ bá ti kọ lu irin tó yọrí sókè, ẹ gbà pé ceramic ti sán títí ẹ ó fi rí ẹ̀rí pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ mú mítà. Ẹ tú wáyà sẹ́ńsọ̀ kúrò ní àpótí kékeré tó wà lára orí ẹ̀rọ. Tó bá jẹ́ irú Raytools tó wọ́pọ̀, láti ojú irin àárín ẹnu ìsopọ̀ tó wà lára orí ẹ̀rọ títí dé nozzle, iná gbọ́dọ̀ kọjá: mítà á ké, nọ́ńbà rẹ̀ á sún mọ́ 0. Láti nozzle sí ara orí ẹ̀rọ, iná kò gbọdọ̀ kọjá rárá. Bó bá kọjá níbi tí kò yẹ, ẹ yọ ceramic, ẹ nu gbogbo ibẹ̀ gbẹ, ẹ tún un yẹ̀ wò. Bí kò bá kọjá níbi tó yẹ, ẹ wo pin kékeré tó ń fi ara kan ceramic. Ó máa ń dọ̀tí, ó sì máa ń tẹ̀.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe: wọ́n á fi páyà tàbí sipáná fún òrùka tó di ceramic mú. Ọwọ́ lásán tó. Ẹ fún un jù, á sán. Ẹ jẹ́ kó rọ̀, gíga á máa fò sókè sódò bí gáàsì bá ti ṣí. Ẹlòmíì á sì ra ceramic tó dín owó, tí ojú rẹ̀ kò tẹ́jú, á wá fi ọjọ́ mẹ́ta wá ohun tí BCS100 ń ṣàìsàn fún.

Àyẹ̀wò: ẹ da ohun gbogbo padà, ẹ wo nọ́ńbà capacitance lójú ẹ̀rọ nígbà tí orí ẹ̀rọ wà lókè. Ó gbọ́dọ̀ dúró sójú kan. Ẹ fi ìka ta nozzle fẹ́ẹ́rẹ́: nọ́ńbà náà á fò nígbà tí ọwọ́ kàn án, á sì padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Bí kò bá padà, nǹkan kan rọ̀ níbẹ̀.

4. Calibration, wáyà àti earth

Ìgbàkígbà tí ẹ bá pààrọ̀ nozzle tàbí ceramic, ẹ gbọ́dọ̀ ṣe calibration tuntun, ìyẹn ni pé kí ẹ̀rọ tún kọ́ bí capacitance ṣe bá gíga mu. Nozzle tuntun tí kò rí bíi ti àtijọ́ á jẹ́ kí ẹ̀rọ rò pé 1 mm ni òun wà nígbà tí òun ti fẹ́ẹ́ fẹnu kan irin.

Ẹ yan ibi tó tẹ́jú lórí páànù, tí kò ní ìpẹtà tó nípọn, tí kò sì ń mì. Ẹ jẹ́ kí nozzle tutù. Ẹ gbé e sún mọ́ páànù ní mílímítà díẹ̀, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ calibration. Á sọ̀ kalẹ̀ fẹnu kan páànù, á gòkè, á sì ṣírò. BCS100 á fi èsì hàn lórí bí nọ́ńbà ṣe dúró tó àti bí ìlà rẹ̀ ṣe dán tó. "Excellent" tàbí "good" ni kí ẹ gbà. Bó bá kù díẹ̀ káàtó, ẹ má tẹ̀síwájú pẹ̀lú ìrètí pé á tún ara rẹ̀ ṣe.

Bí èsì kò bá dára, ẹ wo earth. Páànù gbọ́dọ̀ kan àwọn irin tábìlì, tábìlì gbọ́dọ̀ so mọ́ ara ẹ̀rọ, ara ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wọlẹ̀. Tábìlì tí èérún irin ti bò mọ́lẹ̀, tí páànù kàn ń léfòó lórí rẹ̀, kì í fún sẹ́ńsọ̀ ní ojú tó mọ́. Ohun tí àwọn tó ń ta irú ẹ̀rọ yìí sábà ń béèrè ni kí earth wà nísàlẹ̀ 4 ohm. Oníná tó ní mítà earth lè díwọ̀n rẹ̀ fún yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ má so earth ẹ̀rọ lésà pọ̀ mọ́ ibi tí wẹ́dà ń so tirẹ̀ mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó irin lára ẹ̀rọ náà nígbà tí wáyà sẹ́ńsọ̀ ṣì wà ní síso.

Ẹ̀ẹ̀kan wà tí gíga ń fò tí kò sì sí ohun tó bàjẹ́. Bí ẹ bá ń fi nitrogen gé stainless tí ẹ sì ń sáré jù, ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ búlúù tó ń dìde lábẹ́ nozzle. Plasma ni. Iná ń gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà ó ń tan sẹ́ńsọ̀ jẹ. Ẹ dín eré kù, ẹ tún focus (ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti kó jọ) wò. Ẹ̀yìn èyí náà ni ti ọ̀rá tí wọ́n fi bo stainless: bí gáàsì bá fẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀, á wú bí bàlúù, nozzle á sì rò pé òun ti kan páànù.

Àyẹ̀wò: láì tan lésà, ẹ jẹ́ kí orí ẹ̀rọ tẹ̀ lé páànù ní 1 mm, kó rìn láti igun kan dé ìkejì. Bí gíga bá fò ní ibì kan náà nígbà gbogbo, ẹ mi ṣéènì wáyà níbẹ̀; wáyà náà ti ń já nínú.

5. Gíláàsì ààbò

Ìdọ̀tí kékeré bí orí abẹ́rẹ́ tó bá bà lé gíláàsì yìí á máa gba ooru láti inú lésà. Ooru á sè é mọ́ gíláàsì, gíláàsì á gbóná sí i, focus á ṣípò. Ẹ ó kọ́kọ́ rí i lára iṣẹ́ kí ẹ tó rí i lára áláàmù: àwọn tí ẹ gé láàárọ̀ dán, ìdọ̀tí irin bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ abẹ́ àwọn tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá rí èyí pẹ̀lú ìkìlọ̀ ooru tàbí ìkìlọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń tú ká nínú orí ẹ̀rọ, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Reset kan ṣoṣo tí ẹ bá tẹ̀ níbi yìí ló ń jó lẹ́ńsì.

Ẹ pa fáànù, ẹ ti fèrèsé, ẹ ní kí ẹni tó ń fi grinder ṣiṣẹ́ nítòsí dúró ná. Ẹ nu ìta orí ẹ̀rọ dáadáa pẹ̀lú alcohol, pàápàá eteetí àpótí tí gíláàsì wà nínú rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ ní masking tape tí ẹ ti gé sílẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ fa àpótí náà jáde, kí ẹ sì lẹ téèpù mọ́ ojú ihò náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ tó wo gíláàsì rárá. Eruku tó bá wọ ibẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kò ní ibòmíì tí yóò bà lé ju lẹ́ńsì lọ.

Ẹ gbé gíláàsì dání ní etí, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn dúdú sì ni kó ní. Bí ẹ bá rí àmì jíjó, funfun tàbí dúdú, ó ti parí. Kò sí fífọ̀ tó lè gbà á. Bó bá jẹ́ eruku lásán, ẹ fi alcohol díẹ̀ sára swab, ẹ nù ún láti àárín lọ sí etí ní yíyípo kan, ẹ ju swab náà nù. Ẹ má fi swab tó ti dọ̀tí padà sórí gíláàsì. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́ wà nínú èémí. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ kọ̀mpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ, nítorí epo wà nínú tirẹ̀.

Ẹ tún wo rọ́bà tàbí òrùka tó di gíláàsì mú. Bó bá ti tẹ̀ tàbí ó ti yọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ gíláàsì. Gíláàsì tuntun lórí òrùka tó ti bàjẹ́ kò ní pẹ́ kó tó jó. Ọ̀pọ̀ tó ń ké pé gíláàsì tí wọ́n tà fún àwọn kò dára, òrùka yẹn ni wọn kò wò.

Gíláàsì ààbò nìkan ni kí ẹ yọ. Lẹ́ńsì tó wà lókè rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń ṣí nínú ṣọ́ọ̀bù tí grinder ti ń tú eruku. Bí ẹ bá fi tọ́ọ̀ṣì rí àmì lórí rẹ̀, ẹ fi téèpù dí ihò, kí ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ní yàrá tó mọ́ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ẹnu nozzle, ẹ wọ awò, ẹ jẹ́ kí gbogbo èèyàn kúrò nítòsí, ẹ yin lésà lẹ́ẹ̀kan ní agbára kékeré. Ihò tó bá wà lórí téèpù gbọ́dọ̀ ṣe róbótó, kó sì wà láàárín gbùngbùn àmì ẹnu nozzle. Bó bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ tún àárín ṣe kí ẹ tó gé ohunkóhun, torí ìmọ́lẹ̀ tó ń fara gbún nozzle á tún mú sẹ́ńsọ̀ ooru dún.

6. Gáàsì

Èyí kò gùn. Bí ìkìlọ̀ bá ní gáàsì kò tó, ẹ wo sílíńdà, ẹ wo regulator, ẹ wá wo ihò nozzle. Ẹni tó fi nozzle 3 mm sí ibi tí ètò sọ pé 1.5 mm ti sọ ihò tí gáàsì ń gbà jáde di ìlọ́po mẹ́rin. Kò sí sílíńdà tí kò ní dà bí ẹni pé ó ti tán. Ẹ fi omi ọṣẹ wá ibi tó ń jò. Epo tàbí gírísì kò gbọdọ̀ kan ohunkóhun tí oxygen ń gbà kọjá. Ó lè gbiná fúnra rẹ̀.

Àwọn tó ń fi afẹ́fẹ́ kọ̀mpírẹ́sọ̀ gé, ẹ tú omi inú táǹkì dànù láràárọ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ filter bó ṣe yẹ. Ní àsìkò òjò, ẹ tú u ní ọ̀sán pẹ̀lú.

Bí orí ẹ̀rọ yín bá ní sẹ́ńsọ̀ tó ń wo ìfúnpá lókè gíláàsì, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì ń gòkè bí gáàsì bá ti ṣí, òrùka gíláàsì ń jò. Ẹ padà sí ìpele 5.

Àyẹ̀wò: ẹ ṣí afẹ́fẹ́ láì tan lésà, ẹ gbé bébà funfun sí abẹ́ nozzle fún ìṣẹ́jú kan. Bébà gbọ́dọ̀ gbẹ, kó sì funfun. Bí ẹ bá rí àmì omi tàbí epo, ẹ má fi afẹ́fẹ́ yẹn gé nǹkan kan.

7. Omi àti ìrì

Níbi yìí ni ojú ọjọ́ wa ti yàtọ̀ sí ti ibi tí wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ. Bí afẹ́fẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù ní Èkó bá wà ní 32°C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì jẹ́ 75%, ohunkóhun tó bá tutù ju nǹkan bíi 27°C lọ, ìrì á sẹ̀ sí i lára, bó ṣe ń sẹ̀ sára ìgò míníráà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì. Ẹ wá fi chiller sí 25°C. Ìrì náà á sẹ̀ sínú orí ẹ̀rọ, sára lẹ́ńsì, sára ceramic. Sẹ́ńsọ̀ ọ̀rinrin á ké, ti gíga náà á ké, ẹ ó sì máa rò pé nǹkan méjì ló bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n bí yàrá bá ní AC, tó wà ní 26°C pẹ̀lú ọ̀rinrin 60%, ìrì kò ní sẹ̀ àfi sára ohun tó bá tutù ju nǹkan bíi 18°C lọ. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń dá ẹ̀rọ sí. Ẹni tí kò bá lè fi AC sí gbogbo ṣọ́ọ̀bù lè kọ́ yàrá kékeré yí ẹ̀rọ ká.

Ọ̀pọ̀ chiller ní ojú omi méjì: èyí tó ń lọ sí ibi tí lésà ti ń jáde, àti èyí tó ń lọ sí orí ẹ̀rọ, tó máa ń gbóná díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ wò ó bóyá wọn kò so wọ́n kọ́ ara wọn lẹ́yìn tí wọ́n tún nǹkan ṣe. Mo ti bá a bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe ni ìgbà tí iná bá dé. NEPA lọ fún wákàtí mẹ́ta, yàrá ti gbóná, ọ̀rinrin sì ti kún inú rẹ̀. Iná dé, wọ́n tan chiller àti lésà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tan AC kọ́kọ́. Ẹ dúró títí ọ̀rinrin inú yàrá yóò fi wálẹ̀. Ẹ tan chiller lẹ́yìn náà, lésà ni ìgbẹ̀yìn. Nígbà tí ẹ bá ń lọ sílé, ẹ má fi chiller sílẹ̀ ní títàn nígbà tí AC ti kú.

Ti omi gan-an, distilled tàbí deionised ni kí ẹ lò. Omi inú ọ̀rá tí a ń pè ní pure water dára fún mímu, àmọ́ ó ní àwọn èròjà tó ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù tín-ín-rín orí ẹ̀rọ. Bí ìkìlọ̀ bá ní omi kò ṣàn tó, ẹ kọ́kọ́ fọ filter chiller, kí ẹ wo bóyá hose kan ti ká.

Àyẹ̀wò: lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí chiller ti ń ṣiṣẹ́, ẹ fi bébà nu hose omi àti ìta orí ẹ̀rọ. Bí bébà bá gbẹ, ẹ lè tan lésà.

8. Ìgbà yìí ni ẹ tó lè fura sí sẹ́ńsọ̀

Bí gbogbo èyí bá dára tí ìkìlọ̀ ṣì ń dún, ẹ pa iná ẹ̀rọ, ẹ tú ẹnu ìsopọ̀ wáyà sẹ́ńsọ̀ náà, ẹ wo pin kọ̀ọ̀kan. Pin tó tẹ̀, ìpẹtà aláwọ̀ ewé àti omi ni ẹ ń wá. Ẹ pààrọ̀ wáyà kí ẹ tó pààrọ̀ àpótí, ẹ pààrọ̀ àpótí kí ẹ tó pààrọ̀ orí ẹ̀rọ. Nǹkan kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè mọ èyí tó wò ó sàn. Ẹni tó pààrọ̀ nǹkan mẹ́ta pọ̀ ti sanwó fún méjì tí kò ṣẹ̀.

Ẹ ka irú sẹ́ńsọ̀ tó jẹ́ nínú ìwé ẹ̀rọ. Àwọn kan ń fi 24 V sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn kan ń lo 0 sí 10 V. Èyí tó ń lo 4 sí 20 mA rọrùn láti mọ̀: bó bá wà láàyè, kì í lọ sí 0. Bí mítà bá fi 0 hàn, wáyà ti já tàbí iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ooru tàbí ìfúnpá kọ́ ló ń sọ.

Ẹ má fi wáyà so ojú sẹ́ńsọ̀ pọ̀ kí ẹ̀rọ lè gbà pé ohun gbogbo dára. Mo mọ bí oníbàárà ṣe máa ń dúró sí ẹnu ọ̀nà. Síbẹ̀, ẹ má ṣe é. Sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n fi ṣọ́ lẹ́ńsì ni ẹ dì lójú yẹn, àti nígbà míì èyí tí wọ́n fi ṣọ́ ojú ẹni tó dúró tì í.

9. Ìdánwò

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú páànù tín-ín-rín, irin dúdú 1 mm tàbí 2 mm. Ẹ gé róbótó mẹ́wàá kékeré, ẹ wo etí wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí irú páànù tó mú áláàmù dún, ní ibi tó ti dún lórí tábìlì, pẹ̀lú agbára tí ẹ lò nígbà yẹn. Bó bá jẹ́ ìkìlọ̀ tó ń yọjú lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ìdánwò ìṣẹ́jú márùn-ún kò sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ gé e fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé.

Nígbà tó bá pé, ẹ kọ ooru gíláàsì, capacitance nígbà tí nozzle wà lókè, ooru omi àti ọ̀rinrin yàrá sínú ìwé, pẹ̀lú déètì. Àwọn nọ́ńbà yìí ni ẹ ó fi wé ti ọjọ́ tí áláàmù bá tún dún.